Ohun tí oko, iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ ìlú kọ́ mi ní ilẹ̀ Okun

Èbù iṣu tí ẹ bá gé lónìí, ẹ má ṣe gbìn ín lónìí. Ẹ fi eérú igi ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, ẹ tẹ́ ẹ sí abẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ kó sì pa dé. Èbù tí ojú rẹ̀ ṣì tutù nígbà tó wọlẹ̀ ló máa ń jẹrà nínú ebè, tí àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ilẹ̀ ti ṣá tàbí pé òjò pẹ́ kó tó dé. Púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nídìí oko, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àti lẹ́yìn ìgbìmọ̀ ọ̀nà àti ìgbìmọ̀ omi, irú rẹ̀ ni: ohun kékeré tí a kò ṣe lónìí, tó máa yọjú nígbà tí a ti gbàgbé rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, pàápàá àwọn tó ń ti ìlú ńlá padà wálé wá dáko.

Kí n parí ọ̀rọ̀ iṣu ná. Tó bá jẹ́ iṣu títà lẹ fẹ́, èbù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọn tó gíráàmù 250 sí 500. Ebè kan sí èkejì, mítà 1 ló yẹ kó wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé hẹ́kítà kan á gba 10,000 ebè. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: tí èbù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ gíráàmù 300, tọ́ọ̀nù 3 èbù ni ẹ ó rì sínú ilẹ̀ kí ẹ tó rí ewé kan. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń tán. Ẹni tó ń kọ ebè á gba owó náà tán lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní rí èbù rà mọ́, wọ́n á wá máa gé èbù kéékèèké sínú ebè ńláńlá. Iṣu tó máa jáde níbẹ̀ kò ní tó gún.

Àwọn àgbà wa kò ra èbù. Ìwà ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn ni ká wa ebè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n fi ń rí i. Tí iṣu tó tètè ń gbó bá ti pé nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́yìn tó ti yọ sókè, wọ́n á fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ya ẹ̀gbẹ́ ebè, wọ́n á gé iṣu náà lábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á fi orí àti gbòǹgbò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, wọ́n á sì kó erùpẹ̀ padà bò ó. Orí náà á tún ta, á sì so iṣu kéékèèké tí a máa wà ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá. Àwọn yẹn ni èbù ọdún tó ń bọ̀. Nǹkan méjì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní ni ká fi ọkọ́ ya ebè bí ẹni ń wa kòtò, tí gbòǹgbò á já. Ìtàkùn á rọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì ni ká pẹ́. Tí oṣù kẹjọ bá ti parí kí a tó wà á, òjò tó kù kò tó láti mú kí orí náà so ohun gidi. Ewùrà kì í gba ìwà ẹ̀ẹ̀mejì, torí ó pẹ́ kó tó gbó.

Ẹni tó bá gbin èbù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé, kò gbọ́dọ̀ fi orí ebè sílẹ̀ ní ìhòòhò. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ fi dé e, kí ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé koríko náà kí ọyẹ́ má gbé e lọ. Oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta ní agbègbè wa lè se èbù nínú ilẹ̀. Ẹ má sì kọ ebè iṣu sún mọ́ àkùrọ̀ jù. Kòkòrò dúdú tó ń lu iṣu ní ihò, inú ilẹ̀ tútù lẹ́bàá odò ló ti ń pa ọmọ, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ni á fò wá sínú oko iṣu tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Iṣu tí ara rẹ̀ bá là, tí ẹ bó tí ẹ rí àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ èèpo, ẹ jẹ ibi tó bá dára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe èbù láé. Àràn tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń ṣe é, èbù náà ló sì máa gbé e lọ sí oko tuntun.

Nínú ọgbà iṣu, òkìtì ni ọ̀tá. Iṣu ń mí. Tí ẹ bá kó o jọ lé ara wọn, ooru àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó hù, èyí tó bá jẹrà á sì ran èkejì. Ẹ so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá tó dúró, lábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Akòko dára fún ọ̀pá ọgbà, torí ó máa ń hù, ewé rẹ̀ á sì di ibòji fúnra rẹ̀. Kí ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ọmọ tó bá yọ, kí ẹ yọ èyí tó bá ti rọ̀. Iṣu tí ọkọ́ bá ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà ìwà kì í bá wọn gbé inú ọgbà. Ẹ jẹ ẹ́ kíákíá, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di èlùbọ́.

Kajú ló ń mú owó wọ ilé wa láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, àṣìṣe tí mo sì ń rí jù níbẹ̀ ni ìwọra lórí ilẹ̀. Mítà 10 sí mítà 10 ni àyè igi kajú, 100 igi nínú hẹ́kítà kan. Àwọn èèyàn a máa gbìn ín ní mítà 4 tàbí 5, inú wọn á dùn fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀ka á kọlu ara wọn. Ibi tí oòrùn bá kàn lára igi nìkan ni kajú ti ń tanná, nítorí náà igi tó fún mọ́ ara wọn á máa so ní góńgó orí nìkan, gbogbo ẹ̀gbẹ́ á di igi ìdáná. Àyè tó ṣófo láàárín igi kì í ṣe òfò. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gúsí á jẹ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á sì san owó iṣẹ́ oko náà kí kajú fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gbìn, ẹ da kóró sínú omi. Èyí tó bá rì ni kí ẹ gbìn, èyí tó bá léfòó, ẹ yọ ọ́ sọnù. Kóró méjì sínú ihò kan, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ibi tó ti so mọ́ èso kọjú sókè. Bí méjèèjì bá hù, ẹ fi ọ̀bẹ gé èyí tó lẹ, ẹ má fà á tu, torí gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra. Tí ẹ bá rí nǹkan bí ìyẹ̀fun igi ní ìdí kajú tó ti dàgbà, ìdin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́. Ẹ wá ojú ihò náà, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fà á yọ tàbí gún un pa. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ewé yóò pọ́n ti pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n iná ọyẹ́ ni olórí àjálù. Ní oṣù kejìlá, kí koríko tó gbẹ tán, ẹ ro ẹ̀gbẹ́ oko yíká ní fífẹ̀ mítà 5 ó kéré tán, ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá kí ó tó mítà 10, kí ẹ gbá ewé rẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ yóò fi hàn. Ríro nìkan kò tó. Koríko tí a ro tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀, epo la tú sílẹ̀ fún iná. Abẹ́ igi kajú náà ń fẹ́ gbígbá, torí ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń jó burúkú.

Kajú kì í ṣe ohun tí a ń já. Ẹ dúró kó bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀; kóró inú èyí tí a gùn já kì í kún. Ẹ yọ kóró kúrò lára èso ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa yí i. Ó ti gbẹ tí ó bá ń dún nígbà tí ẹ mì í, tí èékánná yín kò sì lè wọ èèpo rẹ̀. Àpò ìdọ̀họ ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ gbé àpò lé orí pákó. Nínú àpò rọ́bà ó máa ń làágùn, ẹni tó ń rà á sì máa ń gé bíi mélòó kan wò kó tó dá owó. Ní ti kọfí, mo ṣì ń kẹ́dùn. Àwọn ará Ìjùmú ní oko kọfí tó dára, ọ̀pọ̀ sì ṣá a lulẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀. Kí ẹni tó ní kajú lónìí má ṣe gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní kajú.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé àwọn ológun, torí ó ń jẹ àwọn arúgbó wa àti àwọn opó wọn níyà.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje 1967, ọmọ ogun Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 10,000. Nígbà tí ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ẹ fojú inú wo bí a ṣe gba èèyàn tó bẹ́ẹ̀ wọlé láàárín ọdún méjì ààbọ̀. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa ń kọ orúkọ láti ẹnu ọ̀dọ́ tí kò mọ̀wé. Abẹ́ Àríwá ni ilẹ̀ Okun wà tẹ́lẹ̀, àṣà àwọn ológun níbẹ̀ sì ni kí wọ́n fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé. Báyìí ni ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá ṣe di Kabba tàbí Egbe nínú ìwé. Ó padà wálé, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi orúkọ ìjọ ṣí àkáǹtì ní báǹkì. Ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n fojú dá a ni. Ìlú rẹ̀ náà yí padà lórí ìwé láìkúrò lójú kan: ẹkùn Kàbà lábẹ́ Àríwá, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ tuntun ti 1967 tí a wá ń pè ní Kwara, lẹ́yìn náà Kogi láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yì tó wà nínú ìwé àtijọ́ ti pín sí ọ̀pọ̀, Mopamuro sì dé ní 1996. Ọmọdé tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kò mọ gbogbo èyí. Orúkọ mẹ́ta àti ìpínlẹ̀ méjì ló ń rí, ó sì lè rò pé èèyàn mẹ́ta ni.

Ohun kan tí kì í yí padà ni nọ́ńbà iṣẹ́ ológun. Kí gbogbo ilé tó ní ológun àtijọ́ kọ nọ́ńbà yẹn síbi mẹ́ta lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìwé ìjáde iṣẹ́, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé báǹkì àti NIN sílẹ̀ lórí tábìlì kan, kí ẹ fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Níbi tí orúkọ bá ti yàtọ̀, ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo orúkọ náà. Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ àwọn ológun ni kí ẹ kọ síwájú, pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀ gan-an, kí àwọn yòókù tẹ̀lé e. Mo ti rí ìwé ìbúra tí agbẹjọ́rò fi àánú tún orúkọ àṣìṣe náà kọ dáadáa. Kò wúlò mọ́, torí kò bá ohun tó wà nínú ìwé àwọn ológun mu.

Ẹ wo ẹni tí ológun náà kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n kàn sí tí òun bá kú. Ọ̀pọ̀ ló kọ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní 1967, nígbà tí kò tíì gbéyàwó, tí ẹni náà sì ti kú láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí ó bá ṣì wà láàyè ló rọrùn láti yí i padà. Tí ó bá ti kú, ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé kóòtù tó fún ìdílé láṣẹ lórí ogún rẹ̀ ni wọn yóò béèrè, ìyẹn sì ń gba owó àti oṣù. Ẹbí tó bá pa ikú mọ́ra tó ń gba owó oṣù náà lọ ń kó ara wọn sí gbèsè, torí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ padà.

Ní ti àyẹ̀wò pé ẹni náà ṣì wà láàyè, ìka ọwọ́ ló ń dá àwọn àgbẹ̀ dúró. Ọkọ́ ti fọ ìlà ìka wọn, ẹ̀rọ kò sì rí i kà. Epo inú èèpo kajú tún burú jù, ó máa ń bó awọ ìka. Ẹni tí ìpè rẹ̀ bá bọ́ sí àsìkò kajú, kí ó gbé yíyọ kóró fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ó máa fi òrí ra ìka rẹ̀ lálaalẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó nù ún gbẹ. Kí ọ̀dọ́ kan tẹ̀lé e, pẹ̀lú oúnjẹ, omi àti oògùn rẹ̀, torí ìlà máa ń gùn. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gba kóbọ̀ lórí fóònù láti mú owó náà yá. Ẹni tó bá béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì, olè ni. Ìwé fúnra rẹ̀, inú agolo onídèérí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kúrò lórí ilẹ̀. Ikán ti jẹ ìwé ológun ní ilẹ̀ wa ju òjò lọ.

Ọ̀rọ̀ kan lórí etí. Ẹni tó gbé ẹ̀gbẹ́ ìbọn fún ọdún méjì, etí rẹ̀ lè máa han títí láé. Ilé á máa sọ pé Bàbá ń gbéra ga, a kí i kò dáhùn. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ rìn wá síwájú rẹ̀ kí ó rí ẹnu yín, kí ẹ tó kí i pé «Okun o, Bàbá», kí ẹ sì rọra sọ̀rọ̀. Kí wọ́n yẹ etí náà wò ní ọsibítù. Nígbà míì ìdọ̀tí etí lásán ni, ó sì ṣeé kó.

Iṣẹ́ ìlú. Ọ̀nà oko kò gbà wá lákòókò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò: ọ̀wẹ̀ ọjọ́ méjì ní oṣù kejìlá, kí àárín ọ̀nà ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí a sì la ojú omi sínú igbó ní gbogbo mítà 20 sí 30 níbi tó bá dagẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kó òkúta dí kòtò láì yí omi padà ti ṣiṣẹ́ fún òjò kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ omi tí a ń fọwọ́ fà ló ń gba ọgbọ́n. Orí àpáta ni ilẹ̀ wa wà. Inú ibi tí àpáta ti là ni omi ń gbé. Ìdí nìyí tí kànga méjì lè wà nítòsí ara wọn, kí ọ̀kan kún, kí èkejì gbẹ. Oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Kànga tí a gbẹ́ ní oṣù kẹsàn-án lè fi omi òjò tàn yín jẹ.

Irú ẹ̀rọ tó pọ̀ ní abúlé wa ni India Mark II, àyẹ̀wò méjì sì ni kí ìgbìmọ̀ omi máa ṣe fún un lóṣooṣù. Àkọ́kọ́, ẹ fà á títí omi yóò fi jáde dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfà, kí ẹ tún padà fà á, kí ẹ máa kà. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ kí omi tó jáde, omi ń sá padà: fáàfù ìsàlẹ̀ ti rẹ̀, tàbí páìpù ti lu. Èkejì, ẹ fà á ní ìgbà 40 sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó yẹ kí ó sún mọ́ lítà 15. Tí kò bá pé lítà 10, awọ inú sílíńdà ti jẹ. Awọ yẹn kì í wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí kò fi ní fa omi mọ́, àwọn èèyàn á máa fi agbára fa apá ẹ̀rọ, bẹ́árìn á fọ́, ṣéènì á já, ohun kékeré á wá di iṣẹ́ ńlá. Gírísì fún ṣéènì lóṣooṣù, kí ẹ fún gbogbo nọ́ọ̀tì mọ́. Ẹ wo sìmẹ́ńtì ìdí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Ibi tó bá ti là, omi ẹlẹ́gbin tí ewúrẹ́ dúró sí ń gba ibẹ̀ padà sínú kànga.

Àwọn obìnrin ni kí ẹ fi ṣe olùtọ́jú ẹ̀rọ, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àwọn ló ń fà á láàárọ̀ lálẹ́, àwọn ló ń kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí ohùn rẹ̀ bá yí padà. Kí owó omi wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwé lọ́wọ́ ẹnì kẹta. Nínú ìwé náà, ẹ kọ ọjọ́, iye ìgbà tí ẹ fà á, iye lítà, ohun tí a pààrọ̀ àti iye tí a rà á. Tí ẹ bá sì pààrọ̀ awọ, ẹ má ju ti àtijọ́ nù. Ẹ fi okùn so ó mọ́ inú àpótí, torí òun ni ẹ ó mú dání lọ sí Kàbà tàbí Lọ́kọ́jà nígbà mìíràn, láti fi wọn tuntun lójú ẹni tó ń tà á.